Ọdún méjì tí oorun fi ń sá fún mi, tí mo sì ń ka owó olówó

Inú kámẹ́rà báńkì ni mo ti rí ara mi níbi tí mo ti ń sùn. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, a ti tilẹ̀kùn, gbogbo àwọn tẹ́là tó kù ti kó owó wọn jíṣẹ́, èmi nìkan ni owó mi ò pé. ₦50,000 ló dín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tú gbogbo dúrọ́ọ̀, mo yẹ abẹ́ máṣíìnì wò, mo tún bọ́ bàtà mi gbọ̀n (ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹni tí owó bá sọnù mọ́ lọ́wọ́ ló mọ ibi téèyàn ń wá owó dé). Ni ọ̀gá wa bá ní ká jọ lọ wo kámẹ́rà.

Ibẹ̀ la ti rí i. Aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Kásítọ́mà kan dúró níwájú mi, ó fẹ́ gba ₦50,000, mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, mo na ọwọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ọwọ́ mi sì dúró síbẹ̀. Ojú mi ò pa dé tán, ìpéǹpéjú kàn wálẹ̀ díẹ̀ bíi ti adìyẹ tí oòrùn ń pa, orí mi ò mì, ẹnu mi ò là. Mo ka sẹ́kọ́ǹdù tó ń lọ nísàlẹ̀ fídíò yẹn. Mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn lọwọ́ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó fo ìdì ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó gbé ìdì ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, mo nà án sí kásítọ́mà, mo tiẹ̀ tún rẹ́rìn-ín sí i. Ọgọ́rùn-ún ewé ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, torí náà ₦100,000 ni mo gbé fún ẹni tó wá gba ₦50,000. A pè é, fóònù ò lọ. Wọ́n pín in sí mẹ́ta, wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù mi.

Owó yẹn dùn mí, àmọ́ mo san án tán. Sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin yẹn ni mi ò tíì gbàgbé títí dòní, torí mi ò rántí ẹ̀ rárá. Ká ní wọ́n gbé Kùránì síwájú mi lọ́jọ́ yẹn pé kí n búra, màá búra ni pé mi ò sùn.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe dókítà. Tẹ́là ni mí n'Ìbàdàn, ní báńkì kékeré kan tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó, ọdún kọkànlá mi níbẹ̀ rè é. Ọdún méjì nínú ẹ̀ ni mi ò fi rí oorun gidi sùn. Kì í ṣe pé mi ò sùn rárá, wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin ni, tí wọ́n tún gé e sí wẹ́wẹ́, tílẹ̀ bá mọ́ á wá dà bíi pé wọ́n dà mí sínú odó gún mi mọ́jú.

Àìsàn ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. 2021 ni rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, a sì wà ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣètọ́jú aláìsàn rí ẹ mọ bó ṣe ń rí, ẹ̀gbẹ́ ògiri lójúde wọ́ọ̀dù lẹ ó tẹ́ ẹní sí, ìgbàkígbà ni nọ́ọ̀sì lè yọjú pé "ta ló wà pẹ̀lú ìyá tó wà lójú fèrèsé yẹn, ẹ lọ ra abẹ́rẹ́ yìí wá". Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi etí kan sùn. Mo tún máa ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ìyá mi gbádùn, alhamdulillah, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí, ẹnu wọn sì ti padà sípò débi tí wọ́n fi ń bú mi. Wọ́n kúrò ní ọsibítù, etí mi ò kúrò níbẹ̀. Mo délé, mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara mi, tí ológbò bá bẹ́ lórí páànù lójúlé kẹta, mo ti jókòó.

Ohun tí mo wá ṣe nígbà yẹn, mo rò pé gbogbo èèyàn ló máa ń ṣe é. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, kí n yáa tètè máa sùn. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè bá dé màá sùn di aago mẹ́wàá kí n lè san gbèsè oorun, ọ̀sán Sọ́ńdè màá tún fẹ̀yìn lélẹ̀. Lálẹ́ Sọ́ńdè wàyí, ojú mi á là kedere bíi ti òwìwí. Aago mọ́kànlá, aago kan, aago méjì ààbọ̀, màá gbé fóònù wo aago, màá ṣírò: tí mo bá sùn báyìí, màá ṣì rí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ mi ni ìṣirò, ẹ má gbàgbé. Màá ṣírò títí oorun tó ń bọ̀ lókèèrè á fi yí padà.

Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún aráyé pé ẹ kì í sùn, á ti yé kálukú ohun tó ń ṣe yín. Ìyá ọkọ mi ní kí n wo àwọn tá a jọ ń gbé ilé dáadáa. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, àánú mi sì ń ṣe é lóòótọ́, ó ní aago méjìlá sí mẹ́ta òru ni àwọn ọ̀tá máa ń jí èèyàn, kí n bá òun lọ ṣe fíjìlì. Mo ní ẹni tí kì í sùn, ẹ tún fẹ́ fi fíjìlì kún un. Àlùfáà wa ní kí n máa ka Āyatul Kursiyyu, mo ń kà á tẹ́lẹ̀, wọ́n tún fún mi ní hàǹtú, mo mu ún. Mi ò fi ìkankan nínú wọn ṣe yẹ̀yẹ́, àdúrà máa ń fi ọkàn mi balẹ̀ títí dòní. Àmọ́ nígbà tọ́rọ̀ ẹ̀ wá di pé òru ti di ogun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù alẹ́. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, àyà mi á ti máa já. Ẹni tó ń múra ogun, báwo ló ṣe máa sùn?

Kẹ́mísìtì ló wá gbà mí, tàbí kí n sọ pé òun ló tún dá kún un. Ó fún mi ní D5, diazepam lorúkọ ẹ̀ gan-an, kò bi mí léèrè ìwé dókítà, ó kàn wé e sínú bébà pélébé kan. Òru àkọ́kọ́ mo sùn bí òkúta. Mo jí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹyọ kan ò rí mi gbé ṣe mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo méjì. Ìgbà tí mo ní kí n fi í sílẹ̀, òru ọjọ́ yẹn burú ju gbogbo òru tí mo ti rí sẹ́yìn, ara mi ń gbọ̀n, àyà mi ń lù kìkìkì, mo ní ó ti tán, orí mi ti dàrú nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé bí oògùn yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn téèyàn bá já a dànù lójijì. Mi ò sì mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ lára gan-an, pé èyí tí mo lò lálẹ́ Sọ́ńdè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi lọ́sàn-án Mọ́ńdè. Ẹ padà lọ wo sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin mi yẹn. Àsìkò D5 ni.

Kí n lè rí ojú lajú níbi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹnáajì dírínkì, agolo méjì lójúmọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan ní aago mẹ́ta. Mègádì wa náà ò ní gbà fún mi, tó bá ti rí i pé ojú mi ti ń kú, "Àǹtí, ẹ gba gbànja". Mo ń jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ₦50,000 yẹn, Bàbá Ìbejì fúnra ẹ̀ ló mú mi lọ rí dókítà. Dókítà obìnrin ni, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, mo wò ó pé kí lèyí mọ̀. Kò kọ oògùn rárá lọ́jọ́ yẹn, ìbéèrè ló ń bi mí. "Ṣé ẹ máa ń hanrun, mà?" Rárá. "Ṣé Dádì sọ ọ́ rí pé èémí yín máa ń dúró tẹ́ ẹ bá sùn?" Bàbá Ìbejì ní rárá, pé òun lòun ń hanrun. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ní thyroid, nǹkan kékeré kan tó wà lọ́rùn, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ ségesège. Ó bi mí bóyá ayé sú mi, bóyá ó ń ṣe mí bíi kí n má jí mọ́. Èyí tó bi mí yẹn, mi ò tètè dáhùn, ó sì dúró dè mí. Mo ní kò tó bẹ́ẹ̀, pé ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí tiẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta fún dókítà, ìtọ́jú tiẹ̀ yàtọ̀.

Ó wá bi mí pé, "Nínú ọkọ̀ ńkọ́, mà, oorun máa ń gbé yín lọ?"

Mo ní háà, nínú Máíkírà kẹ̀! Kí ọkọ̀ tó kúrò l'Ákọ́bọ̀ dé Bàṣọ̀run mo ti sùn lọ fọnfọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé mi kọjá ibi iṣẹ́. Lórí àga níwájú tẹlifíṣàn, màá sùn. Tí mo bá ti dìde lórí àga yẹn tí mo dé orí bẹ́ẹ̀dì báyìí, wọ́n á tan iná sínú orí mi.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní oorun yín ò bàjẹ́ nìyẹn o, mà, bẹ́ẹ̀dì yín ló bàjẹ́. Ó ní láti ìgbà tí mo ti ń dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀ tí mo ń ṣírò, tí mo ń bẹ̀rù, ara mi ti fi bẹ́ẹ̀dì mọ ibi ìṣirò àti ibi ẹ̀rù. Ara ò mọ̀ ọ́n níbi oorun mọ́. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé. Tó bá ti pé oṣù mẹ́ta téèyàn ò sùn dáadáa, tó sì jẹ́ bíi òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ti di èyí tí wọ́n ń pè ní onígbà pípẹ́ nìyẹn, ohun tó sì máa ń gbé e ró lásìkò yẹn kì í sábà jẹ́ ohun tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ tèmi. Èmi ni mò ń bọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú aago mẹ́jọ ààbọ̀ mi, pẹ̀lú oorun ọ̀sán Sọ́ńdè, pẹ̀lú gbànja.

Ó ní kí n ra ìwé eksásáìsì, kí n máa kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì: aago tí mo dé orí bẹ́ẹ̀dì, aago tí mo rò pé mo sùn, iye ìgbà tí mo jí, aago tí mo dìde pátápátá. Iṣẹ́ tẹ́là lèyí, mo fi rúlà fà á. Nígbà tí mo gbé e padà, ó ṣírò ẹ̀ lójú mi. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí, wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń sùn bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ nínú ẹ̀. 53 nínú 100 nìyẹn. Ó ní ẹni tó ń sùn dáadáa máa ń tó 85 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, tá a bá yá èèyàn ní 100 tó jẹ́ 53 ló ń padà, a ti lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

Ló bá ní kí n má dé orí bẹ́ẹ̀dì mọ́ àfi tí aago mọ́kànlá ààbọ̀ bá lù. Kí n sì dìde ní aago márùn-ún, bí mo sùn bí mi ò sùn, títí kan Sátidé, títí kan Sọ́ńdè. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ péré. Bàbá Ìbejì fò dìde lórí àga: "Dókítà, ẹni tí kò rí oorun sùn lẹ ní kó tún dín in kù?" Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ ni pé oorun dà bí ebi. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀pà panu látàárọ̀, tẹ́ ẹ bá gbé àmàlà síwájú ẹ̀ lálẹ́, á kàn máa fọwọ́ tọ́ ọ ni. Ẹ jẹ́ kí ebi pa á. Nǹkan kan wà tó máa ń kóra jọ sínú ọpọlọ láti ìgbà tá a bá ti jí, adenosine ni wọ́n ń pè é, bó ṣe ń pọ̀ sí i loorun á ṣe máa kùn wá. Kaféènì inú kọfí, inú obì, inú agolo mi yẹn, kì í lé nǹkan ọ̀hún lọ, ó kàn máa ń lọ jókòó sórí àga ẹ̀ kó má ríbi jókòó. Ó sì ń pẹ́, ìdajì èyí tí mo mu ní aago mẹ́ta lè ṣì wà lára mi ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí mo ṣe já agolo kejì nìyẹn. Gbànja náà, mo ń gbà á lọ́wọ́ mègádì, mò ń kó o fún ìyá ọkọ mi.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe ti àná o. Èmi ò lè má wádìí, mo lọ wò ó. 1972 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, Richard Bootzin, ti kọ̀wé lórí pé kí ẹni tí kò rí oorun sùn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, 1987 ni Arthur Spielman àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ti dídín àkókò bẹ́ẹ̀dì kù jáde. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń jẹ́ American College of Physicians sì sọ ọ́ ní 2016 pé irú ìtọ́jú báyìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún àgbàlagbà kó tó kan oògùn. CBT-I ni àpapọ̀ ẹ̀ ń jẹ́, ìyẹn ìtọ́jú àìsùn tó ń tún èrò àti ìṣe ẹni ṣe. Ọmọ ọdún mélòó ni mí ní 1987, tí kò sí ẹni tó sọ fún mi!

Ti D5, dókítà ní mi ò gbọdọ̀ dédé já a. Ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún mi, ó gba bí oṣù méjì. Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó ń wakọ̀ jẹun, ẹni tó ní wárápá, ẹni tí orí ẹ̀ ti dàrú rí, kó má dá ti dídín àkókò yìí ṣe fúnra ẹ̀ o.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ìyà. Láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, èmi tí mò ń wá oorun kiri tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń lé e. Mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Mo ń rìn yí ilé ká. Ọjọ́ kan mo kírun Ìṣáì, mo forí kanlẹ̀, mi ò gbé e mọ́. Bàbá Ìbejì rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ Ọlọ́run, ó lọ rọra ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ló wá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Òfin kejì ló wá le jù. Tí mo bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí oorun ò gbé mi lọ láàárín bíi ìṣẹ́jú ogún (kí n fojú bù ú, kí n má wo aago), kí n dìde, kí n kúrò nínú yàrá, kí n lọ ṣe nǹkan tí kò dùn tí kò korò níbi tí iná ò ti pọ̀, kí n má padà àfi tí ojú bá ń pa dé fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà ẹ mọ ìṣòro tó wà níbẹ̀. Aago méjì òru ni wọ́n máa ń mú iná wá ládùúgbò wa. Ìgbà tí mi ò tíì gba ìtọ́jú, tí wọ́n bá ti mú un wá báyìí, màá fò dìde, màá tan gílóòbù pálọ̀, màá lọ aṣọ gbogbo ilé, ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Ìbejì, yúnífọ́ọ̀mù àwọn Ìbejì, màá pọ́ǹpù omi, màá tún fi fóònù wo bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ. Kódà gbogbo wọn ti gbádùn ẹ̀, kò sẹ́ni tí aṣọ ẹ̀ ń hun nílé wa. Mi ò mọ̀ pé iná tó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ fún ọpọlọ mi pé ilẹ̀ ti mọ́, mo sì ń sanwó fún àìsùn, mò ń sọ ọ́ di àsìkò iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ dé orí kí Bàbá Ìbejì máa lọ aṣọ ara ẹ̀.

Ẹ̀wà ni mo wá mú. Mo gbé àga rọ́bà sí pásééjì, mo gbé fìtílà ṣáájì kékeré sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo da ẹ̀wà sórí atẹ, mo ń ṣà á. Òkúta lápá kan, èyí tí kòkòrò ti jẹ lápá kan, ẹ̀wà gidi á máa bọ́ sínú ọpọ́n, tó, tó, tó. Bàbá Ìbejì jáde fẹ́ tọ̀ lóru àkọ́kọ́, ó bá mi níbẹ̀, ó fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú. "Ìyá Ìbejì, ta ló ń ṣa ẹ̀wà lóru?" Mo ní dókítà ni. Ó wò mí títí, kò sọ nǹkan kan, ó lọ tọ̀. Ẹ̀wà ò ní ìparí tó ń dunni bíi ti fídíò, kò sì ní ìròyìn. Tí ó bá ti tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òkúta àti ẹ̀wà á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra lójú mi, mo ti mọ̀ pé ó ti tó lọ. Fóònù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ní gbogbo àkókò yìí, àìgbé e sítòsí ni kò jẹ́ kí n rí aago ṣírò.

Mi ò tiẹ̀ nílò álámù. Mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wa ló ń jí mi ní Àsùbáà. Ẹ mọ gbólóhùn tí ladàánì máa ń fi kún ti ìdájí, pé ìrun sàn ju oorun lọ. Lọ́dún méjì yẹn, tó bá ti dé ibẹ̀, màá dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ta ló sùn?" Astagfirullah. Lọ́sẹ̀ kẹta ìtọ́jú, ladàánì pè é, mo jí lójijì, mi ò mọ ibi tí mo wà. Mo wo ara mi. Ẹsẹ̀ mi kan ṣì wà bí mo ṣe gbé e sílẹ̀ ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Mi ò rántí òru yẹn rárá. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mi ò jí Bàbá Ìbejì, mo ní kí n má pariwo ẹ̀ kó má lọ.

Nígbà tí ìwé eksásáìsì mi fi 85 hàn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, dókítà fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ míì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún míì. Bí a ṣe ń gùn ún bọ̀ nìyẹn títí a fi dé wákàtí mẹ́fà ààbọ̀.

Ti ibi iṣẹ́, ìyẹn gan-an ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe kí n tó sọ ₦50,000 nù. Ìtìjú ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti ń rò ó pé kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó ilé-ìwé ni kò jẹ́. Lẹ́yìn kámẹ́rà, mo lọ bá ọ̀gá wa nínú ọ́fíìsì wọn. Mi ò rojọ́ pé mi kì í sùn, torí ẹni tó bá sọ ìyẹn lásán níbi iṣẹ́, ojú tí wọ́n á máa fi wò ó á yàtọ̀. Mo sọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mò ń gba ìtọ́jú, oṣù mẹ́ta ni mo tọrọ. Ẹ jẹ́ kí n máa san owó ńlá láàárọ̀, tó bá ti di aago kan, kí n bọ́ sórí fọ́ọ̀mù àti pípe àwọn tí lóàn wọn ti kọjá ọjọ́." Wọ́n bojú wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ náà?" Ni wọ́n bá fa dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n fi káàdì oògùn tiwọn hàn mí. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn.

Mo ti ṣọ́ ara mi, mo mọ̀ pé bí òru ti wù kó burú tó, aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ orí mi máa ń pé, aago kan sí mẹ́ta ni ojú máa ń kú. Torí ẹ̀, iṣẹ́ tó lè jẹ owó mi, àárọ̀. Máṣíìnì á kọ́kọ́ kà á, ọwọ́ mi á tún un kà, màá wá pe iye ẹ̀ síta kí kásítọ́mà gbọ́: "Ìdì ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta-ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, ẹ kà á níbí, mà." Àwọn kan máa ń kanra pé mò ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kanra. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ kì í lè sun sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin. Tó bá di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, mi kì í jókòó sínú ẹ́síì mọ́, oòrùn ni mò ń lọ fi ara gbá títí dé ibi tí wọ́n ti ń ta bọ̀ọ̀lì. Àárọ̀ náà, mo máa ń dúró síta díẹ̀ kí n tó wọkọ̀, dókítà ní ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló ń sọ fún ara pé ìgbà wo ni alẹ́ máa dé. Nínú Máíkírà, mo gba iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà kí n máa bá a sọ̀rọ̀ ìjọba, oorun ò lè gbèrò ibẹ̀.

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù lẹ́yìn òru burúkú ni pé mi kì í sanwó ẹ̀ mọ́. Mi kì í lọ tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì, mi kì í fagi lé nǹkan tí mo fẹ́ ṣe. Mo ti ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta oorun rí, owó mi sì pé, mo kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pẹ̀lú báírò pupa kí n lè rí nǹkan fi já ara mi nírọ́ lóru tí mo bá ń sọ pé ọ̀la ti bàjẹ́.

Oorun ò tíì padà bíi ti ìgbà tí mo wà lọ́mọbìnrin. Tí àwọn Ìbejì bá ń ṣe ìdánwò, tí ìyá mi bá pè pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, tí a bá ń ṣe òpin oṣù ní báńkì, ó lè lọ fún òru méjì. Ooru oṣù kẹta náà ń dá wa láàmú, pàápàá tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará iwájú bá tún ń ké. Mo mọ ohun tí mo máa ń ṣe.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti Bàbá Ìbejì. Tẹ́lẹ̀, tó bá lọ sí Bódìjà, ẹ̀wà tó ní òkúta ló máa ń dìídì rà fún mi, ó ní oògùn mi ni, ó tún dínwó. Lóṣù yìí, ó ra kóńgò mẹ́ta, ẹ̀wà funfun báláú, wọ́n ti ṣà á tán látọjà, ó ní òun rò pé mo ti gbádùn. Ó di òru Túsìdeè, mo gbé atẹ, mo da ẹ̀wà sí i, mo gbé fìtílà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òkúta méjì péré ni mo rí nínú kóńgò kan. Mo bá dà á padà sínú ike, mo tún un dà sórí atẹ, mo tún bẹ̀rẹ̀.